Ojú Ànàmọ́ tí Mo Fi Èékánná Yọ

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, atẹ́gùn ń wọlé. Ẹ̀yin àgbà Umapata, ẹ ṣeun tí ẹ wá, àti ìwọ Nelida tí o wọkọ̀ láti La Paz nítorí mi. O rò pé o wá kí ìyá tó gbé ọ sàmì kó tó kú ni. Ikú kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ ránṣẹ́ pè ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Mi ò fẹ́ gbé e wọ inú ilẹ̀ tí mo ti ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i, torí bí mo bá dúró, mo lè má lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Gbogbo yín mọ Primitiva, ìyá Nelida. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti jọ ń da àgùntàn. Nígbà tó bí Nelida, èmi ni mo gbé ọmọ náà dé ibi omi ìsàmì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú sí kòtò ìwakùsà, ó ní ilẹ̀ lẹ́bàá odò, kò ní irúgbìn. Èmi ní irúgbìn, mo ní Melchor ọkọ mi tó lè fẹsẹ̀ ti ọkọ́ wọlẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta ni ilẹ̀ tiwa. La bá da oko pọ̀ bí àwọn baba wa ti ń ṣe é: poro kan tirẹ̀, poro kan tèmi, poro kan tirẹ̀, poro kan tèmi, títí dé òpin oko. Ohun tó bá hù ní poro oníkálukú, tirẹ̀ ni. Wọ́n ní oko báyìí kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ jà, torí ilẹ̀ ló ń pín in, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò bá Primitiva dáko rí.

Mi ò ní torí pé ó ti kú kí n purọ́ fún yín. Primitiva rẹ́ mi jẹ. Apá ìsàlẹ̀ oko, níbi tí omi ń dá sí, òun ló máa ń kọ́kọ́ yan poro níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, ọwọ́ rẹ̀ á ṣèèṣì kọjá sí tèmi, á hú ànàmọ́ mi, á ní, "Òun ló ṣáko wá bá mi, Eusta, ṣé kí n lé e padà ni?" Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ àwọn tó wá bá wa ṣiṣẹ́, tó yẹ ká jọ sè, èmi ni mò ń gbé ẹran wá, òun á gbé ọbẹ̀ tí èèyàn lè fi wojú wá. Bí iṣẹ́ bá dé, ẹ̀yìn á máa dùn ún. Bí ọtí àgbàdo bá dé, ẹ̀yìn á san. Melchor ní, "Bá a sọ ọ́ lójú ẹ̀." Mo ní, "Kí n bá ìyá ọmọ tí mo gbé sàmì jà nítorí ànàmọ́? Kí ni ará ìlú máa wí?" Ojú ló ń tì mí. Mò ń rẹ́rìn-ín lóko, mò ń payín keke nílé. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ gbọ́: ká ní mo bá a jà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ká tiẹ̀ fa aṣọ ara wa ya, ì bá ti tán síbẹ̀.

Ọdún tí Hilario ọmọ mi ń ṣàìsàn, mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní poro díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, kí n lè rí ànàmọ́ tó dáa fún ọmọ náà. Ó ní, "Eusta, poro kì í ṣe ìkòkò tí à ń yá lọ́wọ́ aládùúgbò." Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Mo délé, mo jókòó sẹ́yìn ilé nínú oòrùn, mo pín irúgbìn sí àpò méjì. Àpò tirẹ̀, mo mú ànàmọ́ inú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, mo fi èékánná àtàǹpàkò yọ gbogbo ojú tí ì bá ti hù. Mo wá fi eérú pa á lára bí a ti máa ń ṣe, kí ọgbẹ́ rẹ̀ má bàa hàn. Ó tilẹ̀ ń dùn mọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń họ ara. Lọ́jọ́ ìgbìn, Melchor ń ti ọkọ́ wọlẹ̀, èmi ni mò ń ju irúgbìn sí i, torí obìnrin ni ilẹ̀, ọwọ́ obìnrin ló sì ti ń gba irúgbìn. Primitiva ń tẹ̀ lé mi, ó ń fẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó ń kọrin.

Mo rò pé ìkórè rẹ̀ á kàn dín kù ni, kí òun náà mọ bó ṣe ń dunni. Mi ò mọ̀ pé oko náà máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí òjò rọ̀ tán, poro kan hù, poro kan pá, bẹ́ẹ̀ títí dé odò. Àwọn èèyàn ń dúró lórí òkè wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni yìnyín bọ́, tó fọ́ oko gbogbo Umapata mọ́lẹ̀. Ẹ mọ ohun tí a máa ń sọ níbí bí yìnyín bá bọ́: obìnrin kan ti ṣẹ́ oyún, ó fi pamọ́, Ìyá Ilẹ̀ sì ń bínú. Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó ní láti wá obìnrin náà lọ jìnnà. Ilẹ̀ ti panu mọ́ sí opó kan, lójú gbogbo ayé.

Bàbá Cirilo, ẹ̀yin ni olórí ìlú nígbà náà. Ẹ bi mí níwájú gbogbo ìpàdé pé, "Eustaquia, ṣé irúgbìn kan náà lẹ gbìn?" Mo ní, "Àpò kan náà ni, Bàbá." Irọ́ nìyẹn. Primitiva ń wò mí, ó ń retí kí n gbè é lẹ́yìn. Ìyá àgbà kan wá bèèrè látẹ̀yìn bóyá ara Primitiva yá láti ọdún tó kọjá. Gbogbo ojú yí sí mi, torí èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló burú jù, ó burú ju ti irúgbìn lọ, torí kò sí irọ́ nínú ẹ̀. Mo ní, "Ó dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà òtútù. Èmi ni mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un." Òtútù àyà ló ṣe é. Mo mọ̀. Kí n tó wọlé ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mi ò sọ ti ikọ́. Ọbẹ̀ nìkan ni mo sọ, mo jẹ́ kí wọ́n rò pé oyún ló ṣẹ́.

Ẹ ní kó kúrò nílùú kí ilẹ̀ lè tutù. Ẹ gbé ilẹ̀ rẹ̀ fún mi, ẹ ní èmi ló ṣe lọ́ṣẹ́ jù. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Poro ìsàlẹ̀ di tèmi. Òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, Hilario sì gbádùn. Gbogbo ànàmọ́ tí ẹ ti bá mi jẹ nílé yìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó yà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ìwọ Nelida di aṣọ rẹ̀ mú, bóyá o rántí. Ó fi ànàmọ́ kan lé mi lọ́wọ́, ó ti hunjọ, kò sì lójú kankan. Ó ní, "Mo hú u nínú poro mi láàná. Èékánná ẹ mú o, Eusta." Mo ní, "Kí ló dé tí o ò fi hàn wọ́n?" Ó ní, "Kí wọ́n lé ìwọ náà? Ọmọ tìẹ pọ̀, ọ̀kan sì ń ṣàìsàn nínú wọn. Èmi, ọmọ kan ni mo fẹ́ gbé." Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo kórìíra yẹn náà. Ó ní, "Mo mọ̀ pé mò ń rẹ́ ọ jẹ. Mò ń retí kí o bú mi ni. Lọ́dọọdún ni mò ń retí ẹ̀." Ó fà ọ́ lọ́wọ́, ẹ lọ.

Mo gbọ́ nígbà tó kú ní La Paz. Mi ò lọ. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má parí ọ̀rọ̀ yìí sínú yàrá. Níbi tí ẹ ti fẹ̀sùn kàn án ni kí ẹ ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí gbogbo ìlú gbọ́. Nelida, ilẹ̀ ẹ̀bá odò tìrẹ ni, tòun ti poro tèmi. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti rẹ̀ mí. Na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ànàmọ́ náà ló wà nínú aṣọ yẹn, ó ti gbẹ bí òkúta. Ìyá rẹ bò mí láṣìírí. Ìwọ gbé e jáde, kí o fi hàn wọ́n.