Ewúro Mi Tó Lọ Sá Òtútù Nílé Bàbá Tóbi

Ẹ̀yin ará mi, gbogbo ènìyàn ní Atlanta ló ń yọ̀ pé òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ oòrùn ni kálukú ń sọ. Èmi nìkan ni mò ń wo ojú ọ̀run tí inú mi ń bàjẹ́. Ẹ má rò pé orí mi ti ń yí o! Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ara mi sì le koko. Ṣùgbọ́n láti àná tí ẹnì kan ti pè mí lórí fóònù, mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ni mò ń dá rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò. Ayọ̀ ni o, ẹ̀rù ni o, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọkọ mi ti ṣaláìsí. Èmi àti Dọlápọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, la jọ ń gbé nínú ilé tí a rẹ́ǹtì ní Norcross, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta. Tí ooru bá ti mú, bálíkónì wa a kún fún ìkòkò òdòdó: ẹfinrin, ata rodo, etí erin tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, àti ewúro kan tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Wíńtà tó ṣáájú eléyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ run gbogbo wọn. Yìnyín mú wọn, ewé wọn dúdú bíi pé ẹnì kan da omi gbígbóná lé wọn lórí, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ewúro yẹn nìkan ló tún hù láti ìdí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí òtútù tún ń bọ̀, lẹ́yìn tí mo ti gbin ata, ẹfinrin àti etí erin mìíràn kún un, mo tètè kó gbogbo wọn wọlé. Ṣùgbọ́n ògiri ilé kejì ni fèrèsé wa dojú kọ, oòrùn kì í débẹ̀. Kò pẹ́ tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, tí àwọn kòkòrò tíntìntín ń fò jáde látinú iyẹ̀pẹ̀ wá bà lórí ọbẹ̀. Dọlápọ̀ ní, “Mummy, ẹ mú ọ̀kan o, it's either me or these flies!”

Mo ń ráhùn báyìí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday kan ni Bàbá Tóbi, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ́. Ìyàwó òun náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sílé ọkọ àti síbi iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, òun nìkan ló ń gbé ilé ńlá kan ní Covington. Ó ní, “Màmá Dọlápọ̀, yàrá kan wà lẹ́yìn ilé mi tó jẹ́ kìkì gíláàsì. Oòrùn kì í kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá kó wọn.” Ó sì wá kó wọn lóòótọ́. Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí, lọ́jọ́ yẹn, ewéko nìkan ló wà lọ́kàn mi!

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lọ wò wọ́n, mo pariwo. Ewúro ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀! Mo ní, “Bàbá Tóbi, ṣé ẹ fẹ́ pa ewúro mi ni?” Àṣé ojoojúmọ́ ló ń bomi rin ín, ó sì gbé e sí ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ hítà ti ń jáde, kí òtútù má baà mú un, nítorí pé ilẹ̀ olóoru ló ti wá. Mo ṣàlàyé fún un pé ewéko kì í mu omi púpọ̀ lásìkò òtútù, pé kó máa ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ kó tó bu omi sí i, bí ó bá ṣì tutù nínú, kó fi í sílẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ hítà yẹn ló ń gbẹ ewé. Àgbà ọkùnrin ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń ti ìka bọ ìkòkò kọ̀ọ̀kan! A gbé wọn kúrò níbẹ̀, a mú aṣọ tútù, a ń nu eruku ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé sí wọn lára. A ń nù wọ́n, a ń tàkúrọ̀sọ, ọjọ́ sì lọ. Orin ni mo ń kọ délé.

Bí mo ṣe ń lọ ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá dé, á ní, “Ṣé ẹ rò pé ó fẹ́ omi báyìí?” Èmi náà á sì dáhùn bíi pé kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tí yìnyín bo títì, tí mi ò lè jáde, fídíò ló fi pè mí. Ó ń gbé fóònù láti ìkòkò dé ìkòkò, ó ń sọ fún ata rodo pé, “Ẹ kí mọ́mì yín.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ tí ewúro yọ ewé tuntun, igbe tí àwa méjèèjì ké, ẹni tó bá gbọ́ á rò pé a bí ìbejì ni! Ta ló lè sọ fún mi pé ọkàn mi tún lè máa lù báyìí?

Dọlápọ̀ ra ẹ̀bùn fún mi. Iná tí wọ́n ń tàn fún ewéko ni, tó ń ṣe bí oòrùn. Ó ní ewúro Daddy lè máa bọ̀ wálé. Mo ṣàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ni mo tì í bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ bú mi! Tó bá béèrè, màá ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè, tàbí kí n ní kò dáa kéèyàn máa ṣí ewéko kiri nínú òtútù. Àfi ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ lọ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó gbé páálí náà jáde, mi ò tiẹ̀ tíì já a. “Mummy, be honest. Ṣé àwọn plants yẹn lẹ ń lọ wò ni, àbí Uncle?” Mi ò lè purọ́ mọ́. Mo ní méjèèjì ni. Ọmọ mi bú sẹ́kún. “Daddy ló gbin ewúro yẹn, Mummy. Ẹ wá lọ gbé e fún another man.” Láti ọjọ́ náà, ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ nìkan ló kù láàárín wa.

Àná ni Bàbá Tóbi wá pè. Ó ní òtútù ti lọ, òun á kó àwọn ìkòkò padà ní Sátidé. Mo rò pé àwọn Sátidé mi ti parí nìyẹn. Ó wá ní, “Àjíkẹ́.” Ẹ gbọ́ o! Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tó pè mí ní oríkì mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jonesboro lòun bi léèrè oríkì mi. Ó ní, “Tí mo bá kó wọn dé, ẹ jẹ́ kí n jókòó bá Dọlápọ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.” Nígbà tí mo sọ fún Dọlápọ̀, kò wo ojú mi. Ó ní òun ti gba shift ní Sátidé, òun ò ní sí nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ, ẹ gbà mí o. Mi ò bi yín bóyá kí n fẹ́ ẹ. Èmi ti dá ara mi lóhùn lórí ìyẹn, inú mi sì ń dùn débi pé ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni ọ̀rọ̀ tí màá bá ọmọ mi sọ kí Sátidé tó dé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó fi máa yé e pé mi ò gbàgbé bàbá rẹ̀, pé bàbá rẹ̀ ló kú, èmi ò tíì kú?