Bí Màmá Mi Ṣe Sọnù ní Àbíjàn Tí Ọkọ̀ Òkun Sì Fẹ́ Ṣí

Ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbé wá fún Ọlọ́run láàárọ̀ yìí, kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ má bínú pé inú ìwé ni mo ti ń kà á. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ sọ ọ́ dé òpin.

Ẹ mọ Mojísọ́lá, ìyàwó mi, tó lọ sọ́dọ̀ Olúwa lọ́dún tó kọjá. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò. Gbogbo ìgbà tí a bá fi mọ́tò lọ síbẹ̀ ló máa ń sọ pé, "Lọ́jọ́ kan, ojú omi la máa gbà wọ ìlú yìí." Nígbà tí a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a gba ààyè méjì nínú ọkọ̀ òkun tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti Ghana lọ sí Senegal, tó sì máa ń yà sí Àbíjàn. Ọjọ́ náà kò bá a láyé. Mo fẹ́ fagi lé ìrìn àjò náà, ni màmá mi bá sọ pé, "Àkànní, ta ló ní kí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ṣófo lórí omi? Èmi ni n ó sùn síbẹ̀." Àlàájà ni màmá mi, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n di ẹrù wọn.

Lọ́jọ́ kejì lórí omi, wọ́n pè wá síta láàárọ̀ pé ká wá wo àbùùbùtán. Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, wọn ò rí nǹkan kan. Màmá mi, tí kò mú awò kankan dání, ni wọ́n kọ́kọ́ nawọ́: "Ẹ wo ibi tí omi ti ń tú jáde lọ́hùn-ún." Ẹ̀yìn dúdú kan yọ, ó gùn ju mọ́tò akẹ́rù méjì lọ, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá náà ń rọra lọ kí ọmọ lè bá a. Gbogbo ọkọ̀ pàtẹ́wọ́ fún màmá mi.

Màmá mi ní, "Ṣé inú irú eléyìí ni Ànábì Yúnúsà wà?"

Mo ní, "Jónà ni àwa ń pè é, màámi."

"Ẹ pè é bó ṣe wù yín. Ó yẹ kó wẹ̀ dáadáa kó tó lọ wàásù fún ẹnikẹ́ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, a gúnlẹ̀ sí Àbíjàn. Wọ́n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ti gétì èbúté, ọkọ̀ ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀sì gbé wa káàkiri. Nígbà tí a dé ọjà kan, màmá mi ní àwọn fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo wọlé lọ ra omi fún wọn. Kí n tó padà dé, bẹ́ǹṣì ti ṣófo.

Mo wá gbogbo ìlà ọjà náà. Mo bi ọlọ́pàá. Mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú wa dé. Mo wọ mọ́sáláṣí tó wà nítòsí, bóyá wọ́n lọ kírun. Fóònù wọn wà nínú ọkọ̀ òkun, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn náà wà níbẹ̀. Aago méjì kọjá. Mo ti sin ìyàwó, mi ò mọ ohun tí n ó sọ nílé tí mo bá tún sọ ìyá nù sí ìlú onílùú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin Mojísọ́lá, mi ò gbàdúrà. Mo ń wá síbí, mo ń dìde, mo ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n inú mi dákẹ́. Mo padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ibẹ̀ ni mo ti sọ pé, "Olúwa, fi ibi tí ìyá mi wà hàn mí." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bí ìyàwó mi ṣe máa ń bá mi wí tí a bá ti wọ Àbíjàn: "Bàbá Títí, ẹ tún fẹ́ jẹun kí ẹ tó lọ kí Bàbá?"

Bàbá yìí ni olórí àwọn ọmọ Èjìgbò ní Treichville, àdúgbò kan ní Àbíjàn. Ọmọ Èjìgbò tó bá wọ ìlú náà, ọ̀dọ̀ wọn ló kọ́kọ́ ń lọ láti jíṣẹ́ ilé. Màmá mi sì ta aṣọ ní Àbíjàn fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ibi tí àlejò ń lọ ni mo ti ń wá wọn.

Mo wọ tákísì. Mo bá wọn ní páálọ̀ Bàbá, wọ́n na ẹsẹ̀, àwo ẹja díndín wà níwájú wọn.

"Àkànní, ibo lo wà láti àárọ̀? Bàbá ti ń bínú pé o wọ̀lú, o ò yọjú."

Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní, "A gbọ́ ti Mojí lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá sọ fún wa lójúkojú àfi lónìí. A ti ṣe àdúà fún un. Ìyá rẹ ò fọwọ́ kan oúnjẹ títí a fi ṣe é tán."

Èmi tí mo jẹ́ ọkọ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà tọ́ sí. Ìyá mi ló bá mi jẹ́ ẹ, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tí a dé èbúté. Wọ́n ti ti gétì. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ mi orí fún mi. Màmá mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé tí mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n bi í léèrè ìlú rẹ̀, wọ́n bi í léèrè ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn tó wà lórí ọkọ̀, ó sì ṣí gétì. Ó ní kí n máa tọ́jú ìyá mi. Kí n tó lanu, màmá mi ti dá a lóhùn: "Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀."

Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, tí ìlú Mojísọ́lá ń jìnnà sí wa, mo gbàdúrà. Ó gùn lọ́tẹ̀ yìí. Mo dárúkọ ìyàwó mi sókè nínú àdúrà náà. Àlàájà ṣe àmín ní tiwọn.

Mo fi màmá mi yangàn níwájú yín lónìí, mi ò tijú. Ògo rẹ̀ ti Ọlọ́run ni, ẹni tó dá mi lóhùn nígbà tí ọ̀rọ̀ mi ò tó nǹkan. Ẹ bá mi yọ̀, ará. Ẹni tó bá sì ní òkú kan tí kò tíì lè dárúkọ rẹ̀ níwájú Olúwa, kó dárúkọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Èmi yóò bá a ṣe àmín.