Wáyà Sulu Tí Mo Rí Tí N Kò Sọ

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n mi Fuatino, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ká ẹní yẹn. Mo bẹ̀ yín lánàá pé kí ẹ gbé ẹní àtàtà ìdílé wa jáde, kí ẹ bá mi lọ fi í bo orí, ká kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lábẹ́ rẹ̀ níwájú ilé Matalena lọ́la, kí oòrùn tó yọ. Ẹ bi mí pé kí ni mo ṣe, mo ní kí ẹ dúró di òní. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ká ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ẹnu ì bá yá mi ju báyìí lọ. Kò tọ́ kí ènìyàn kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀. Ẹ sì rí mi bí mo ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù torí kíndìnrín mi kò ṣiṣẹ́ mọ́, n kò sì ní àkókò tí màá fi máa pa òótọ́ mọ́ sínú mọ́.

Ẹ mọ Sulufaiga, ọmọ Matalena, tí gbogbo wa ń pè ní Sulu. Èmi ni mo kọ́ ọ níwèé. Ọmọ náà lè fi kọ̀ǹpútà ya òkun kí òkun náà sì máa rìn lójú yín. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fíìmù àwòrán ní Auckland, ní New Zealand, kọ̀wé sí i pé kí ó ṣe ìdánwò kan: ọkọ̀ kan lórí ìgbì, kó fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó. Ìyá rẹ̀, Matalena, bá pe ìdílé wọn jọ lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ ìsinmi láti mọ irú èyí tí wọ́n máa rà, wọ́n sì ní kí èmi náà wá, torí èmi ni tíṣà, èmi ni mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún gbogbo abúlé.

Etuale, ẹ̀gbọ́n Sulu tó wà ní Auckland, sọ lórí fóònù pé òun gbọ́ pé ó yẹ kí káàdì àwòrán tó dá dúró wà nínú rẹ̀, òun á sì rà á. Mo ní ìrànù ni. Mo ní gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní ló ní agbára àwòrán tí wọ́n dà mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, kí ló dé tí ẹ fẹ́ ra ohun tí ẹ ti ní? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé èyí tí wọ́n dà mọ́ ọn dà bí sítóòfù olójú kan. Ó tó se kòkó, ó tó se ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi sítóòfù olójú kan se oúnjẹ ìgbéyàwó? Umu, ààrò ńlá olókùúta gbígbóná, la máa ń dá. Mo mọ̀ pé yíya omi, umu ló ń fẹ́. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi níwájú àwọn àgbà. Ìgbéraga mi ò jẹ́ kí n kó o jẹ.

Sulu ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lórí èyí tí wọ́n dà mọ́ ọn ní ilé ìkàwé, ìgbì mi ò rìn. Káàdì yẹn ni mo fẹ́.” Ni àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin bá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́ yín ti ń kọ́ yín níṣẹ́ o.” Ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo di ẹ̀rín yẹn sínú.

Wọ́n ra káàdì náà, ṣọ́ọ̀bù kan ní Apia, olú-ìlú wa, bá wọn tò ó sínú ẹ̀rọ tuntun. Ẹ sì mọ̀ wá, a kì í lo ohun tuntun kí Pásítọ̀ tó gbàdúrà lé e. Wọ́n tú gbogbo wáyà, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n gbé e padà, àbúrò ìyá Sulu yẹn ló sì tún àwọn wáyà ki bọ ihò. Ihò méjì ni wáyà sìkírìnì lè wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ti òkè jẹ́ ti agbára tí wọ́n dà mọ́ ọn, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti káàdì. Òkè ni wáyà máa ń wà lára ẹ̀rọ wọn àtijọ́, òkè náà ni ọwọ́ ọkùnrin yẹn lọ. Káàdì wà nínú ẹ̀rọ, wọ́n ti gbàdúrà sí i, kò ṣiṣẹ́ kankan.

Lọ́jọ́ kẹta Sulu ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ẹ̀rọ náà ń dúró gbagidi, ìgbì ò rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kíá ni mo rí wáyà náà nínú ihò òkè. Kí n yọ ọ́, kí n fi í sí ìsàlẹ̀, kò ju kí ènìyàn sín lọ. Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò lórúnkún mi, mo ní, “Mo wí àbí n kò wí?” Matalena káwọ́ lérí. Ẹ̀yin ará mi, ó dùn mọ́ mi. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, ó dùn mọ́ mi débi pé mo ń súfèé lọ sílé.

Mo rò pé màá padà lọ lọ́jọ́ kejì, kí n ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ọjọ́ kejì dé, mo ní ó di ọ̀la. Bí mo bá tún un ṣe, wọn á bi mí ìdí tí n kò fi rí i tẹ́lẹ̀. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ kan ṣe lọ. Irú àgbà wo ni mo jẹ́?

Èyí tó burú jù nìyí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àkókò pé, Sulu pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Tíṣà, mo kà á níbì kan pé ihò méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ ló yẹ kí wáyà sìkírìnì wà? Mo fẹ́ yọ ọ́ wò, ẹ̀rù ló ń bà mí kí n má bà á jẹ́.”

Ọmọ náà ti rí i fúnra rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, “Má fọwọ́ kàn án. Ibi tó wà ló yẹ kó wà. Tí o bá yọ ọ́, káàdì á jó.” Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, mo tún fi kún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí, “Sulu, ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́. Bóyá iṣẹ́ yìí ju agbára rẹ lọ.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ òótọ́ fún mi.”

Kò fi ìdánwò náà ránṣẹ́. Etuale bú u pé ó fi òógùn òun ṣòfò, títí dòní kì í bá a sọ̀rọ̀. Sulu bá àwọn tó ń lọ ká èso ní New Zealand lọ, ọdún mẹ́jọ nìyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Kó tó lọ, ó gbé káàdì náà wá fún mi, ó ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n lò. Mo gbà á. Ẹ̀rọ tí mo fi ṣe fíìmù àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí gbogbo yín dìde pàtẹ́wọ́ fún, káàdì Sulu ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é rí.

Ẹran inú agolo tó ń fi ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo Kérésìmesì, ẹ ti jẹ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Fuatino, ẹ máa ń ṣàdúrà fún un pé ọmọ tó moore ni. N kì í lè ṣe àmín.

Ó wálé lóṣù tó kọjá, ó ṣì wà nílé Matalena; lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun ní àwòrán orí kọ̀ǹpútà. Mo jókòó tì wọ́n. Sulu rẹ́rìn-ín, ó ní, “Orí mi ò gbé irú ẹ̀. Bi Tíṣà wò, wọ́n gbìyànjú lórí mi.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ pé òun ò ga ló ṣe sọ ọ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ó ti le bí èèpo igi látàrí iṣẹ́ oko. Mo dìde lọ sẹ́yìn ilé, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Malaea, ìyàwó mi, mo rí ojú rẹ. O ń rò ó pé wáyà lásán ni, ta ló ń torí wáyà gbé ẹní àtàtà jáde? Ká ní mo jí káàdì náà ni, màá dá a padà. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ Sulu ni ìgbàgbọ́ tó ní nínú ara rẹ̀, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìyẹn padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣìnà níwájú èrò, ẹ tètè sọ pé ẹ ṣìnà. Ẹ̀rín tí wọ́n máa fi yín rín kò lè gùn tó ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹni tí kò bá lè bá mi kúnlẹ̀ lọ́la, n kò ní bínú sí i. Ẹ sáà bá mi gbé ẹní náà débẹ̀. Bí àwọn ará ilé Matalena bá fi mí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, ẹ má bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá sì ká a kúrò lórí mi, tó fi hàn pé wọ́n dárí jì mí, kí ẹnikẹ́ni má tíì fà mí dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti fẹ́ wí fún un pé, “Sulu, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ. Mo ti rí wáyà náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o pè mí.”