Ohun Tí Mo Ṣe Sí Etí Perpétue

Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, ẹ̀yin akọrin ẹlẹgbẹ́ mi, torí bí mo bá jókòó, n ó tún gbé e mì. Láti àárọ̀ ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ nínú àgbàlá yìí. Ọ̀la la ó sin Maître Grégoire tó kọ́ gbogbo wa lórin, ẹ sì ní kí èmi Blandine gba ipò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ gbé e fún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tíì pé mẹ́wàá, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ẹ mọ òfin bàbá náà: ẹni tó bá ṣìnà nínú orin, kó gbé ọwọ́ sókè, kó sì máa kọrin lọ. Kì í bá èèyàn wí. “Àṣìṣe tó bá ní olúwa, mo lè tún un ṣe,” ló máa ń sọ. “Èyí tí kò ní olúwa ló ń ba orin jẹ́.” Ṣùgbọ́n ìyá mi ti pariwo káàkiri Kèrè pé ọmọ òun kì í ṣìnà, èmi òmùgọ̀ sì gbà á gbọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún òmìnira, níbi ìrìnàjò mímọ́ ní Arigbo, èmi àti Perpétue la jọ dúró nínú ohùn kejì. Mo bọ́ sínú ẹsẹ kẹta kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Perpétue gbọ́ mi, ó tẹ̀ lé mi. Maître yíjú sí wa.

Perpétue rọra bi mí pé, “Blandine, ta ló kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀?”

Mo wò ó lójú. “Ìwọ ni. Èmi tẹ̀ lé ọ ni.”

Ó gbé ọwọ́ sókè lójú gbogbo èrò. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ síbẹ̀. Nígbà tí à ń padà sílé, ó ní, “Àṣé etí mi ti ń tàn mí.” Kò sẹ́ni tó bi mí, mo dáhùn pé, “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kíyè sí i. Ojú ló ń tì mí láti sọ.” Ìkà ni mí. Bó ṣe fi orin sílẹ̀ nìyẹn. Maître lọ bẹ̀ ẹ́ nílé ọkọ rẹ̀ ní Tré, kò gbà. Kò kọrin fún ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn pàápàá.

Ṣé ẹ rò pé ó parí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń fún Maître lómi lórí ibùsùn. Ó ní, “Blandine, etí Perpétue ló dára jù nínú gbogbo ẹni tí mo kọ́. N kò mọ ibi tí mo ti bà á jẹ́.” Ó ń sunkún. Mo nu omi ẹnu rẹ̀, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ẹ̀bi mi ló gbé lọ.

Perpétue, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Etí rẹ kò tàn ọ́ rí, èmi ni mo tàn ọ́. Bí o kò bá lè dárí jì mí, má dárí jì mí. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, lọ́la, kọrin fún bàbá.