Ìwé Owó Ìfẹ̀yìntì Tí Mo Kà fún Ìyá Sàkírà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Akọ̀wé ìjọba ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ní Àjàṣẹ́ níbí, ní ilẹ̀ Benin. Ní àdúgbò wa, èmi ni wọ́n ń kó ìwé Faransé wá bá. Ohun tí mo bá ní ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Wọn kì í bi mí léèmejì.

Ìyá Sàkírà, aránṣọ, ni aládùúgbò mi. Mùsùlùmí ni, ọmọ Àgùdà ni mí, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá dé, ilé mi ni ẹran rẹ̀ ń kọ́kọ́ wọ̀. Ó pẹ́ tó ti ń fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ síbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n kọ ìwé sí i, ó gbé e wá. Ìwé náà kò le. Ó ní bí ó bá fi owó náà sílẹ̀ títí yóò fi pé ọgọ́ta ọdún, wọn yóò máa san án fún un lóṣooṣù, ìjọba kò sì ní gé owó orí nínú rẹ̀. Bí ó bá yọ ọ́ ṣáájú, wọn yóò gé owó orí, wọn yóò sì gba owó ìtanràn. Ọdún mẹ́rin péré ló kù fún un.

Mo kà á, ó yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Inú bí mi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, kí owó oṣù tó dé ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń gé owó orí nínú rẹ̀. Òun tí wọn ò gé tirẹ̀ rí, ṣé òun ló máa wá gba tirẹ̀ lódindi? Ìlara ni. Mi ò ní orúkọ mìíràn fún un.

Mo sọ fún un pé, "Ẹ̀ńpó, owó orí ìjọba yẹn, máa jẹ ẹ́ tán tó o bá fi sílẹ̀. Lọ yọ ọ́ kíá."

Ó lọ. Wọ́n sì gé e lóòótọ́. Ó padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun o. Bí wọ́n ṣe gé e báyìí nìyí, ká ní mo fi sílẹ̀ ńkọ́?"

Ìyókù ló fi tún òrùlé ṣe. Ó tán síbẹ̀.

Nísinsìnyí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó yẹ kó ti sinmi, ṣùgbọ́n kò sí owó oṣù kankan, ó ṣì ń ránṣọ. Láràárọ̀ ló ń kó abẹ́rẹ́ wá kí n bá òun fi òwú sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú àbúrò rẹ̀ tó ń tajà ní ọjà Ouando wá. Irú ìwé yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ ìyẹn náà. Ìyá Sàkírà ní, "Ẹ bá a kà á bí ẹ ṣe kà á fún mi." Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Bí mo bá kà á bó ṣe wà, Ìyá Sàkírà yóò fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fi pamọ́ fún un. Bí mo bá tún purọ́, mo ti ba ayé ẹni méjì jẹ́. Mo ti jẹ́wọ́ fún fadá. Ó ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ojú rẹ̀ ni mi ò lè wò.

Ọ̀la ni Jímọ̀. Láàárọ̀ yìí, mo fi òwú sí abẹ́rẹ́ mẹ́fà fún un. Ó gbà wọ́n, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò tàn mí jẹ. Mo ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka èyí, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́la?