Ìkúnlẹ̀ Raheemah

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, Kúnmi akọ̀wé ni mo ní kó ka ìwé yìí sí yín létí, nítorí kíndìnrín mi ti kọṣẹ́ sílẹ̀, ohùn mi ò sì dé ibì kan mọ́. Ẹ jẹ́ kó kà á tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ sínú. N ò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ẹ mọ bí ẹgbẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ilé kéwú àna mi ni, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́rin àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Èmi Abdullateef, olùkọ́ yunifásítì tí kò ní yàrá àyẹ̀wò, ni mo ń bẹ àwọn ọmọ Ìwó, Kuta àti Olúpọ̀nnà pé kí wọ́n máa wá ní gbogbo Sátidé. Ohun tí à ń wá ò ṣòro sọ. Ọmọ ìyá méjì lè ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀kan á máa wọ ọsibítù jáde wọ ọsibítù, èkejì á máa gbá bọ́ọ̀lù kiri. Nínú ara èkejì yẹn, àbùdá àbímọ́ni tí òyìnbó ń pè ní jíìnì, tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ìkókó, tó yẹ kó kú nígbà tí ọmọ bá ti ń dàgbà, ṣì ń tàn bí iná tí ẹnì kan gbàgbé láti pa. Kí ló ń tan án? Kí ló ń pa á? A fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wa fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá wé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá, ká lè rí ibi tí ìyàtọ̀ wà.

Agboolé dé agboolé la ti gba ẹ̀jẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń bi àwọn ìyá léèrè. Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Habeeb, mo ní, "Ṣé ọmọ yín ni àwọn méjèèjì yìí?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú wọn. "Ọmọ mi ni wọ́n, Dókítà. Àbí ọmọ ta lẹ tún ní kí wọ́n jẹ́?" Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Èmi òmùgọ̀! Ìyáálé ìyá mi ló tọ́ mi, mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló bí mi. Obìnrin rere wo ní Ìwó ló máa sọ lójú ọmọ pé ọmọ orogún òun ni? Ó yẹ kí n mọ irú ìbéèrè tí mò ń bi ènìyàn.

Raheemah ló rí i. Ọmọ Ilé-Ogbó ni, òun ló sì mú jù nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́. Ẹ má bínú. Ó wá bá mi lọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Sà, nínú ogójì ìdílé, mọ́kànlá wà tí ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé àwọn tí a pè ní ọmọ ìyá kì í ṣe ọmọ ìyá. Àwọn ìyá ò purọ́ o. Àwa la ò mọ ọ̀rọ̀ bi. Ẹ jẹ́ ká padà lọ bi wọ́n, níbi tí ọmọ ò sí." Ẹ̀rù bà mí. Ìwé ìwádìí wa ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn àlejò láti Ìbàdàn sì ń bọ̀ ní Sátidé wá wò bóyá ẹgbẹ́ wa tó ẹni à ń bá ṣiṣẹ́. Bí ìdílé mọ́kànlá bá jáde nínú ogójì, kò sí ìwé mọ́. Bí kò bá sí ìwé, mo rò pé kò sí ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Mo ní, "Máa lọ, màá wò ó." Mo wò ó lóòótọ́. Òótọ́ ló sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣí iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo yí iye méje padà níbẹ̀, kó lè dà bíi pé kò mọ ìṣirò. Sátidé dé. Nígbà tó rí i pé n ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà, Raheemah dìde níwájú àlejò, ó fi ọ̀wọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká yanjú. Mo ní kí Kúnmi gbé iṣẹ́ rẹ̀ sára ògiri kí gbogbo ènìyàn rí i. Àṣìṣe kún ibẹ̀. Mo ní, "Raheemah, ṣé ohun tí o fẹ́ fi da iṣẹ́ ọdún mẹ́ta rú nìyí?" Ó wò ó, ó wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀. "Sà, kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí." Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé èmi ni mo wá ń purọ́?" Ẹ sọ fún mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ló máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ọ̀wọ̀ ló fi fún mi. Ẹ̀yin rò pé ẹ̀bi rẹ̀ ló gbà, èmi nìkan ni mo mọ òótọ́. Mo tilẹ̀ ní, "Mo ti dárí jì ọ́." Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́.

Wọ́n tẹ ìwé wa jáde, ẹgbẹ́ gbèrú, ẹ ti lé ní ọgọ́fà báyìí. Àwọn kan nínú yín ti lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta lórí ìwé yẹn, ẹ ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Raheemah wà ní Ilé-Ogbó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Nígbà tó gbọ́ pé ara mi ò yá, ó wá kí mi lóṣù tó kọjá. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, sà." Mo fẹ́ sọ ọ́. Omi ló jáde lójú mi. Ó rò pé ìrora ni, ó bá mi nu ojú.

Raheemah, mo ní kí wọ́n pè ọ́ wá síbi ìpàdé yìí. Bí o bá wà níbẹ̀, má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀, orúnkún mi ni kò gbà mọ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí. Ẹ̀yin yòókù, mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fa ìwé ìwádìí wa padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú yín, ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa di ọ̀gá. Bí ọmọ tó kéré sí yín bá ní ẹ ṣìnà, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́. Mo fi ẹ̀dà iṣẹ́ Raheemah pa mọ́, bó ṣe kọ ọ́ gan-an kí n tó fọwọ́ kàn án; ó ti wà lọ́wọ́ Kúnmi báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fẹ́ pa á rẹ́, ọwọ́ mi ò gbà á. Kúnmi, ka ohun tó kọ sí mi nísàlẹ̀ rẹ̀ fún wọn:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ pé èmi ni mo rí i. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ rí i, kí ojú má baà tì yín."