Alhaja Dúró Dè Wá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti sú mi. Obìnrin kan wà ní Ajah níbí tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wa fún ohun tí kò ṣe. Èmi tí mo mọ̀ pé kò ṣe é ti sọ ọ́ títí, kò gbà mí gbọ́.

Alhaja ni mò ń wí, ìyá tó ń lé orin fún ẹgbẹ́ àsàlátù wa. Òun ló fún mi ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí mo sọ di sitúdíò, nígbà tí àwọn ará ilé mi ń bi mí pé kí ni obìnrin fẹ́ fi iṣẹ́ orin ṣe. Nígbà tí a fẹ́ gba orin ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, a ò lè péjọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wa ń dáná fáwọn òṣìṣẹ́ lápá èbúté ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, òmíràn ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ẹ́sítéètì, ìgbà tí oníkálùkù bá ráyè ló ń wá. Alhaja ló kọ́kọ́ wá. Òun nìkan ló lé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó bá sì ti dé ibi tó yẹ ká gbè é, á dákẹ́, á máa mi orí bíi pé ó ń gbọ́ ohùn wa, kó tó gbé òmíràn. Mo wò ó lọ́jọ́ náà, orí mi wú. Kò pẹ́ sígbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ohùn orin ti lọ.

Ẹ wá wo wàhálà tí mo fọwọ́ ara mi fà. Mo ní láti kó gbogbo ohùn tí mo gbà wọnú sọ́fítíwíà tí mo fi ń to orin pọ̀, kí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Lẹ́kkí Phase 1 ní, "Ṣé ọwọ́ lo ṣì fi ń ṣe gbogbo ìyẹn? Jẹ́ kí AI bá ẹ ṣe é jàre." Ó fi ọ̀kan hàn mí, irú èyí tí èèyàn máa kọ ohun tó fẹ́ sí, tí òun fúnra rẹ̀ á wọnú kọ̀ǹpútà lọ ṣe é. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní òun ti kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Mo ṣí i, òfìfo ni. Ó bẹ̀ mí, ó tún un ṣe, ó kó ohùn ẹnì kan ṣoṣo sórí gbogbo ìlà. Ó tún bẹ̀ mí. Mi ò tíì rí ohun tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Inú bí mi, mo kọ ọ́ sí i pé kó kó wọn wọlé, kó gé gbogbo ibi tí kò wúlò dànù, kó má sì fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀, nítorí ààyè ti ń tán lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó ní òun ti parí. Mo wò ó, ohùn oníkálùkù wà lórí ìlà tirẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà, mo gba ilé Alhaja lọ láìkọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ jókòó yí i ká. Orin bẹ̀rẹ̀. Alhaja ń lé, kò dánu dúró, ó ń já lù wá, àwa náà ń já lù ú, bí ìgbà tí àwọn orogún bá ń jà. Gbogbo ibi tó ti dákẹ́ dè wá ni ẹ̀rọ ti gé dànù, nítorí lójú tirẹ̀ kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìyá náà tẹ́tí títí, ó wá rọra béèrè pé, "Kí ló dé tí mi ò dúró dè yín?" Ojú tì mí láti sọ ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Kò sí nǹkan, Alhaja, a máa tún un ṣe." Ó mi orí. "Á jẹ́ pé àìsàn yìí ti wà lára mi látìgbà yẹn. Ọpọlọ mi ti lọ, mi ò mọ̀. Ẹ foríjì mí."

Mo padà sílé, mo jókòó ti iṣẹ́ náà, mo ya ohùn rẹ̀ sọ́tọ̀ níkọ̀ọ̀kan, mo dá ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Orin náà bọ́ sípò. Mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ, ó gbọ́ ọ tán, ó di ọwọ́ mi mú. "O ṣeun, ọmọ mi. O ti bò mí láṣìírí."

Mo ní, "Alhaja, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ ọ́ gan-an. Ẹ̀rọ ló gé e."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́. Ẹ̀rọ tó lè gé e náà ló lè fi kún un."

Látìgbà náà, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí ní àsàlátù. Ó ti fa orin lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tí mo sì sọ fún AI náà ohun tó dá sílẹ̀, kíá ló ti kọ ọ́ pé kí n má bínú, àṣìṣe òun ni. Èmi ni ẹ̀rọ náà ń bẹ̀, kì í ṣe Alhaja.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni kí n ṣe? Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ gan-an rò pé mo kàn ń tu ìyá náà nínú ni. Kò sẹ́lòmíràn nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ tó kọ orin náà, ẹ̀rọ ò sì fi ẹ̀dà ohùn tí mo gbà lọ́jọ́ náà sílẹ̀, bí mo ṣe ní kó ṣe. Èmi nìkan ni mo rí i bó ṣe ń mi orí, tó ń dúró dè wá.